ÌMỌ̀RÀN FÚN AGBO ILÉ: Ohun tí ó wà lábẹ́ gàárì

Àwọn àgbà a máa wí pé: a di gàárì sílẹ̀, ewúrẹ́ ń yọjú, ẹrù ìran rẹ̀ ni? Òtítọ́ ni, ẹṣin li ó ni ẹrù náà. Nítorí náà li a ṣe fẹ́ kí a jùmọ̀ wo bí ẹrù yìí ti ń jókòó lé e.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn ọmọ ìdílé àwọn Balógun àtijọ́ a máa gun ẹṣin lọ sí ojúde ọba. Ní ọdún 2024, àwòrán wọn tàn ká gbogbo ayé. Ojú a máa rí aṣọ aláràbarà, awọ tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ àti ṣaworo ọrùn ẹṣin. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lábẹ́ gàárì kò hàn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an li ẹṣin ti ń jìyà.

Gàárì àwọn Hausa, igi li egungun rẹ̀, awọ li a fi bò ó, iwájú rẹ̀ ga, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ga. Bí ènìyàn bá gùn ún, gbogbo ìwúwo rẹ̀ a tẹ ẹran ẹ̀yìn ẹṣin. Ìdí nìyí tí a fi ń tẹ́ aṣọ tí ó ki sí abẹ́ rẹ̀, kí ó lè fa òógùn mu, kí awọ má sì bó ẹṣin lára. Èyí tí a fi òwú tàbí irun àgùntàn ṣe dára.

Kí a tó tẹ́ ẹ, kí a gbọn ẹ̀yìn ẹṣin mọ́. Òkúta wẹ́wẹ́ kan tó láti dá egbò. Kí a gbé ìtẹ́lẹ̀ náà síwájú díẹ̀, kí a sì fà á sẹ́yìn sí àyè rẹ̀, kí irun ẹṣin lè sùn dáadáa. Kí a má ṣe tì í síwájú. Nígbà tí gàárì bá ti jókòó, kí a fi ọwọ́ gbé iwájú ìtẹ́lẹ̀ sókè, kí ó má ba à fún mọ́ egungun tí ó yọ níbi tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn. Kí a di ọ̀já àyà díẹ̀díẹ̀. Bí ẹṣin bá sì ti rìn díẹ̀, kí a tún un fà, nítorí ọ̀pọ̀ ẹṣin a máa fẹ́ àyà nígbà tí a bá ń dì í. Ní ti ìjánu, kí irin rẹ̀ kan igun ẹnu láì fà á.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀. Bí gàárì bá ń pa ẹṣin lára, àwọn kan a tẹ́ ìtẹ́lẹ̀ kejì lé èkínní. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: bí bàtà bá fún ni, ǹjẹ́ ìbọ̀sẹ̀ méjì ni yóò mú un dẹ̀? Gàárì tí ó há, bí a ti ń fi kún abẹ́ rẹ̀ li ó ń há sí i. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ṣe gàárì li ó yẹ kí a gbé e lọ.

Ẹṣin kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ a máa jẹ́rìí. Nígbà tí a bá sọ gàárì kalẹ̀, kí a wo òógùn. Bí ó bá tutù bákan náà ní ọ̀tún àti ní òsì, ó dára. Bí ojú kan bá gbẹ láàrin ibi tí ó tutù, ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni gàárì ti tẹ̀ jù. Irun funfun tí ó hù ní ojú gàárì lára ẹṣin dúdú tàbí pupa a sábà máa jẹ́ àpá egbò àtijọ́. Kí ẹni tí ń ra ẹṣin kíyè sí i. Bí ẹṣin bá sì ń fẹ́ bunijẹ nígbà tí a bá gbé gàárì dé, kí a má ṣe yára pè é ní olóríkunkun. Kí a kọ́kọ́ wá ibi tí ń dùn ún.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kọ́ ẹṣin gígùn, ẹ kọ́ wọn láti máa fọ ìtẹ́lẹ̀, kí wọ́n ṣan ọṣẹ rẹ̀ kúrò pátápátá, kí wọ́n sì sá a sí oòrùn. Kí ẹṣin kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, nítorí làpálàpá a máa ti ara èyí ran èkejì, a sì máa ran ènìyàn pẹ̀lú.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ẹṣin gbé òun dé ilé, kí ó tọ́jú ẹ̀yìn ẹṣin. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.