Ta Ni Ọlá Wáyà Gígùn Náà Tọ́ Sí?

Ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1915 ni Alexander Graham Bell jókòó ní New York, tí ó fi tẹlifóònù bá Watson, ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, sọ̀rọ̀ ní San Francisco. Bell tún ìpè ọdún 1876 pè, pé kí Watson máa bọ̀. Èyí sì fèsì pé ọ̀sẹ̀ kan ni yóò gba òun wàyí! Bell ni gbogbo ènìyàn yìn. Ní tiwa, ìyìn náà ṣìnà.

Àárẹ̀ a máa mú ohùn nínú wáyà bí alárù tí ó rìn jìnnà. Ti tẹ́lígíráàfù rọrùn, nítorí títẹ̀ àti dídákẹ́ lásán ni ó ń gbé. Ohùn ènìyàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gílóòbù tí Lee de Forest ṣe ní 1906 ni ó gbà á là. Ohùn tí ó ti rẹ̀ a kan àwọ̀n kékeré kan nínú rẹ̀, àwọ̀n náà a sì máa ṣí ọ̀nà tàbí kí ó dí i fún agbára ńlá tí ó ti inú bátìrì wá, títí agbára náà yóò fi gba ìrísí ohùn.

Ṣùgbọ́n de Forest kò mọ ìdí ohun tí ó ṣe. Ó rò pé afẹ́fẹ́ díẹ̀ gbọdọ̀ kù nínú gílóòbù náà. Ilé-iṣẹ́ tí ó ni wáyà ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní dọ́là 50,000 ní 1913, Harold Arnold, amòye wọn, sì fa afẹ́fẹ́ náà tán. Bí a bá ní kí àwa pín ọlá, Arnold ni a ó kọ́kọ́ fún, de Forest ni yóò tẹ̀lé e. Bell ti gba tirẹ̀ láti 1876.