Ẹ fi irú àti wàrà sí Indomie yín

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ síra wa: tó bá ti di aago mẹ́sàn-án alẹ́ ní Ṣakí tàbí Ìṣẹ́yìn, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ìyá alámàlà ni ọ̀pọ̀ àwa ọ̀dọ́ ń lọ. Ọ̀dọ̀ mái ṣáyì ni. Indomie méjì, ẹyin méjì, ata, àlùbọ́sà, pẹ̀lú tíì gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àwọn àgbà a máa bú wa pé a ti pa oúnjẹ ilẹ̀ wa tì. Èmi ò bá wọn dá sí ìyẹn. Mò ń jẹ Indomie, mi ò sì ní ṣíwọ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé, ká yọ ata àti ẹyin kúrò, kò sí nǹkan kan nínú abọ́ yẹn tó fi hàn pé Òkè-Ògùn la wà.

Ẹ wo ibi tó ti wá. Ramen ni ìyá Indomie. Àwọn ará Ṣáínà ló gbé nóódù yẹn wọ Jápàn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ebi ń pa wọ́n ní Jápàn, àlìkámà Amẹ́ríkà sì ń ya wọlé. Ìjọba wọn ní búrẹ́dì ni kí aráàlú máa jẹ. Ọ̀gbẹ́ni Momofuku Ando, tí wọ́n bí sí Taiwan, ló béèrè pé kí ló dé tí kò lè jẹ́ nóódù tí àwọn èèyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1958, nínú ahéré kan lẹ́yìnkùlé ilé ẹ̀ ní Ikeda, nítòsí Osaka, ó rí ọgbọ́n dá sí i: ó din nóódù nínú òróró kí omi inú ẹ̀ lè gbẹ, tó fi jẹ́ pé omi gbígbóná lásán ló máa sọ ọ́ di oúnjẹ. Ọgbọ́n yẹn ló bí Indomie, tó gba Indonéṣíà wọ Nàìjíríà ní 1988. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1990, wọ́n ti ń ṣe é l'Ọ́tà.

Títí dòní, òkèèrè ni Jápàn ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà ẹ̀, bíi tiwa náà. Àmọ́ ẹ dé Sapporo, níbi tí òtútù ti ń mú gan-an: miso, ìyẹn ẹ̀wà sóyà tí wọ́n sè, tí wọ́n bò títí tó fi kan, ni wọ́n ń pò mọ́ omi ọbẹ̀ ramen tiwọn. Ní Fukuoka, egungun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń sè títí omi ẹ̀ á fi funfun bíi mílíìkì. Ìlú kọ̀ọ̀kan mú ohun tó ní, ó dà á sórí àlìkámà àjèjì. Ta ló tún ń pe ramen ní oúnjẹ Ṣáínà lónìí?

Àwa ńkọ́? Irú ni miso tiwa. Igi irúgbá wà káàkiri igbó Òkè-Ògùn. (Ajinomoto tí àwọn ìyá wa ń bù sọ́bẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jápàn kan, Kikunae Ikeda, ló yọ adùn ẹ̀ lára ewé inú òkun ní 1908. Adùn yẹn ti wà nínú irú tipẹ́, jàre.) Wàrà ńkọ́? Àwọn ìyá Fúlàní tó ń fi bọmubọmu mú un dì ń gbé e kọjá níwájú mái ṣáyì lójoojúmọ́. Tí ẹ bá dín in, kì í yọ́. Mo ti sè é nílé: mo ju ọ̀rá kékeré inú Indomie yẹn nù, mo fi omi ẹran, ata lílọ̀ àti irú pẹ̀tẹ̀ dípò ẹ̀, mo wá to wàrà díndín lé e lórí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lá abọ́.

Àwọn kan á ní ìjọba ló yẹ kó ṣe é. Ìwé òfin ni mo kà, mo mọ iyì àṣẹ. Ìjọba Ọbásanjọ́ pàṣẹ ní 2005 pé kí àwọn tó ń lọ fúláwà fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀gẹ́ sí i. Ìjọba Jonathan náà polongo búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ ní 2012. Ẹ lọ bi ẹni tó ń ta búrẹ́dì ládùúgbò yín bóyá ẹ̀gẹ́ wà nínú ẹ̀.

Lóòótọ́, irú àti wàrà ò ní dín àpò àlìkámà kan kù ní èbúté Àpápá. Ṣùgbọ́n owó wàrà, ọwọ́ ìyá Fúlàní ló ń lọ. Owó irú, ọwọ́ obìnrin tó ń sè é ní Ṣakí, tó ń gún un, tó ń bò ó ni. Mái ṣáyì tó bá kọ́kọ́ gbé Indomie oníwàrà síta, èmi ni oníbàárà ẹ̀ àkọ́kọ́. Kó ṣáà má torí pé mo dárúkọ Jápàn, kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta á ní iye tí wọ́n ń ta ramen ní Victoria Island.