Nígbà tí Ẹ̀rọ Ọkọ̀ Dákẹ́ Lójú Ọ̀sà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ó ti wà lọ́kàn mi. Ọ̀rọ̀ ìdákẹ́jẹ́ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Èbúté Ìkòròdú, ẹ ó jẹ́rìí mi. Kí ojú tó mọ́, àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń pe èrò, ọlọ́kadà ń fun fèrè, oníbúrẹ́dì ń kígbe ọjà rẹ̀. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ á gbà á. Ó tilẹ̀ yani lẹ́nu, nítorí pé nítòsí wa níhìn-ín, ní Égbin, ni ọ̀kan wà nínú àwọn ilé iṣẹ́ mànàmáná tí ó tóbi jù ní Nàìjíríà. Ẹ̀rọ ńlá mẹ́fà ni ó ní, a sì ṣe wọ́n kí wọ́n lè pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320. Síbẹ̀, àwa tí a wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ń sùn, a sì ń jí, sínú ariwo ẹ̀rọ kékeré.

Nínú ariwo yìí ni iṣẹ́ kan bá mi. Èmi tí mo ń pe ìrun ní mọ́sálásí wa ni àwọn ìyá àsàlátù máa ń bẹ̀ pé kí n bá wọn kọ wákà. Ọmọbìnrin kan ní àdúgbò wa fẹ́ ṣe wòlímọ̀, wọ́n sì ní kí n wá orin tí wọn yóò fi sìn ín. A kì í fi wákà ṣeré ní apá ọ̀dọ̀ wa. Sàláwà Àbẹ̀ní, tí a bí ní àgbègbè Ẹ̀pẹ́ ní 1961, kò ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ nígbà tí àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1976. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó ti tákàdá, n kò rí ìlà kan ṣoṣo tí ó dùn kọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó, nítorí pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú títì ti sú mi. Nígbà tí a dé àárín ọ̀sà, ewéko tí à ń pè ní gbéborùn lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ wa lábẹ́ omi. Láti ìhà Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni ewéko yìí ti wọ inú omi wa ní nǹkan bí ọdún 1984. Bí òjò bá ti fọ iyọ̀ kúrò nínú ọ̀sà, yóò bo ojú omi lọ salalu. Ẹ̀rọ kọ́, ó kọ́, ó dákẹ́.

A kọ́kọ́ pariwo. A bá awakọ̀ wí, a bá ìjọba wí, a bá ewéko pàápàá wí. Nígbà tí ọmọ ọkọ̀ mú ọ̀bẹ tí ó ń gé ewéko náà díẹ̀díẹ̀, ẹnu wa rẹ̀ wá. Mo gbọ́ tí omi ń gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Mo gbọ́ àjẹ̀ apẹja kan lọ́nà jíjìn. Ìyá kan ń fún ọmọ lọ́mú ní ẹ̀gbẹ́ mi, mo sì gbọ́ bí ọmọ náà ti ń gbé e mì. Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run: gbéborùn ni ó pa wá lẹ́nu mọ́! Ibẹ̀ ni ìlà orin náà ti bá mi:

Ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn lójú ọmọ,
Ìyá ló tètè jí tan iná rẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé, mo lọ kọ ọ́ fún ìyá ọmọ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ó ní, “Àlùfáà, òtítọ́ ni. Aago mẹ́rin ìdájí ni mò ń jí i, kí ó lè kọ́ èyí tí yóò ké lójú àwùjọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀rọ yín náà ń bẹ̀rẹ̀. Ìka ni ó ń ti bọ etí kàwé. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀rù ni ó ń bà mí kí ẹ má baà ní mò ń bá mọ́sálásí jà.”

Ojú tì mí. Èmi ni mo máa ń fi wáàsí tí a ti gbà sílẹ̀ sí orí ẹ̀rọ gbohùngbohùn láti aago mẹ́rin títí di ìrun àsùbáà, fèrèsé yàrá wọn sì ni ẹnu ẹ̀rọ náà kọjú sí. Mo ń kọrin fún wòlímọ̀ ọmọ tí èmi fúnra mi kò jẹ́ kí ó rí Kùránì rẹ̀ kà!

Mo rántí ọdún 2016, nígbà tí ìjọba Èkó ti nǹkan bí àádọ́rin ṣọ́ọ̀ṣì àti ogún mọ́sálásí pa nítorí ariwo. Inú bí mi nígbà náà. N kò bèèrè pé ta ni kò rí oorun sùn kí ọ̀rọ̀ tó dà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ mo mọ hádíìsì tí Abu Dawud gbà sílẹ̀: Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, wà ní ìdánìkanwà ìjọsìn nínú mọ́sálásí, ó gbọ́ tí àwọn kan gbóhùn sókè, ó ká aṣọ ìkélé, ó sì kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe fi ohùn wọn ni ara wọn lára. Kùránì ni wọ́n ń ké o, wọn kò lùlù.

Mo ti pa wáàsí ìdájí náà tì. Ìpè ìrun nìkan ni ó kù. Àwọn àgbà kan nínú ìjọ ń bínú sí i, a kò sì tíì parí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń lọ ṣí ilẹ̀kùn mọ́sálásí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ ohùn ọmọ náà láti ojú fèrèsé, ó ń ké e lọ geere. Mo dúró lẹ́bàá omi àlùwàlá, n kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ mi dún.

Ẹ̀yin ará, ní ìlú bí tiwa, kò sí ẹni tí ó lè dá ìdákẹ́jẹ́ ní. Ẹlòmíràn ní láti dákẹ́ kí tìrẹ tó wà. Ìlú ọjà ni Mẹ́kà. Nígbà tí Ànábì wa ń lọ dá wà nínú ihò Hírà, Hàdíjà aya rẹ̀ ni ó ń pèsè oúnjẹ fún un. Ẹ̀yin baálé, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn aya yín náà. Ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ fún ìdajì wákàtí, ẹ pa rédíò, kí ẹni tí ń ránṣọ, tàbí tí ń kàwé, tàbí tí ó kàn fẹ́ ronú, lè gbọ́ ohùn ọkàn ara rẹ̀.

Kí Ọlọ́run fi wá mọ ẹ̀tọ́ aládùúgbò. Àmín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.