Òfin Híta Gáàsì ní Amẹ́ríkà: Ẹ̀kọ́ Wo Ló Wà Níbẹ̀ fún Ọlọ́jà?

  

Bí ẹ bá ka àkọlé ọ̀rọ̀ yìí, ẹ lè sọ pé, "Kí ló kàn wá nínú híta òyìnbó, àwa tí a ń fi omi tútù wẹ̀ kí a tó jáde nílé ní ìdájí?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó fi ìwé yìí di ẹ̀pà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún lè ṣẹlẹ̀ níhìn-ín lọ́la, ó sì dára kí a ti mọ ohun tí a máa sọ kó tó dé bá wa.

Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, àgbègbè kan wà tí ìlú San Francisco, Oakland àti San José wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méje. Ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ ló ń fi gáàsì mú omi ìwẹ̀ gbóná. Híta náà dà bí àgbá ńlá kan, iná gáàsì ń jó lábẹ́ rẹ̀, omi ń gbóná nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2023, ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ àgbègbè náà dìbò fún òfin tuntun kan. Wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé láti ọdún 2027, híta kékeré tí wọ́n bá tà fún ilé kò gbọdọ̀ tú èéfín kan tí wọ́n ń pè ní NOx jáde rárá. Wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń mú inú ilé gbóná nígbà òtútù sí ọdún 2029, wọ́n fi híta ńláńlá sí ọdún 2031. Híta gáàsì tí gbogbo ènìyàn mọ̀ kò lè ṣe é kó má tú èéfín yẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ti ilé bá bàjẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n dá, òmíràn tí kì í dá iná gáàsì ni wọn yóò rà.

Èéfín wo nìyẹn? Kò dúdú bíi ti igi tútù o. Ojú kì í tiẹ̀ rí i. Nígbà tí iná bá ń jó, ooru rẹ̀ máa ń da oríṣi afẹ́fẹ́ méjì pọ̀ nínú atẹ́gùn tí a ń mí sínú, ohun tó bá ti ibẹ̀ jáde ni NOx. Bí oòrùn bá tún pa á, ó ń di èérí mìíràn tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, tó ń jẹ́ kí ọmọ tó ní àsímà máa mí gúlegúle. Híta ẹyọ kan kò lè ṣe nǹkan kan, àmọ́ ẹ ka iye ilé tó wà nínú ìlú ńlá. Ìgbìmọ̀ náà ṣírò pé bí gbogbo rẹ̀ bá yí padà tán, ẹ̀mí tó tó 85 lè máa bọ́ lọ́wọ́ ikú àìtọ́jọ́ lọ́dọọdún.

Kí ni wọn yóò wá lò? Iná mànàmáná ni. Èyí tí wọ́n ń polówó jù ni ẹ̀rọ kan tó ń ṣiṣẹ́ bíi fíríìjì. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì tí ẹ fi ń ta ohun mímu, ẹ ó rí i pé ó gbóná. Ooru inú rẹ̀ ló ń kó síta. Ẹ̀rọ omi yìí náà ń fa ooru láti inú afẹ́fẹ́ tó yí i ká, ó ń kó o sínú omi. Torí pé ṣe ló kàn ń kó ooru kiri, iná tó ń jẹ lè má ju ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tí híta iná lásán ń jẹ. Owó rẹ̀ ni kò kéré. Ó wọ́n ju híta gáàsì lọ, ilé àtijọ́ mìíràn sì ní láti tún wáyà ṣe kó tó lè gbé e.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ fetí sí nìyí, ẹ̀yin ọlọ́jà. Ẹ wo bí wọ́n ṣe to òfin náà. Èkíní, wọ́n dá ọjọ́ fún un. Láti ìgbà tí wọ́n dìbò títí dé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2027, ó kù díẹ̀ kó pé ọdún mẹ́rin. Ẹni tó ń ta híta gáàsì mọ ìgbà tó yẹ kó dín ọjà kù, ó sì mọ èyí tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọlé. Èkejì, wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni wọ ilé onílé lọ yọ híta tó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ní ti rẹ̀, kó máa lò ó títí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Títà tuntun ni òfin náà mú. Ẹ̀kẹta, wọn kò kó gbogbo iná pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òfin yẹn kò fọwọ́ kan sítóòfù gáàsì tí wọ́n fi ń dáná.

Síbẹ̀ náà, ariwo pọ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 2025, irú ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ àgbègbè Los Angeles, ní California kan náà. Tiwọn tiẹ̀ rọ̀ ju ti San Francisco lọ. Àwọn méje kọ̀ ọ́, àwọn márùn-ún gbà á, ó sì ṣubú. Owó ló dá ìjà sílẹ̀. Àgbàlagbà tó ń jẹ owó ìfẹ̀yìntì, ta ni yóò bá a san án? Ayálégbé ńkọ́, ṣé onílé ò ní gbé e lé e lórí?

Ẹ tún wo èyí. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 2022 ní kí wọ́n máa dá ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹ̀rọ náà padà nínú owó orí ẹni tó bá rà á, kó má ju $2,000 lọ. Nígbà tó di ọdún 2025, wọ́n ṣe òfin mìíràn, wọ́n sì gé ìrànlọ́wọ́ náà. Ẹni tó bá gbé tirẹ̀ sílé lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2025 kò rí i gbà mọ́. Ṣé ẹ rí i? Ìrànlọ́wọ́ lè kú, kí òfin ṣì wà láàyè. Ẹni tí kò lówó ló máa wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wálé. Ta ló gbàgbé oṣù kìíní ọdún 2024 ní Èkó? Ní ọjọ́ 21, ọjọ́ Sunday, ìjọba ìpínlẹ̀ kéde pé òun ti fòfin de abọ́ funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí a fi ń bu oúnjẹ fún oníbàárà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní take-away, àti pé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni. Ìgbà tí ariwo ta ni wọ́n tó fún ọlọ́jà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti ta èyí tó wà nílẹ̀ tán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kẹ̀! Ẹni tó fi owó àjọ ra ọjà kún ìsọ̀, báwo ni yóò ṣe tà á, nígbà tí àwọn tó ń rà á náà ti gbọ́ pé wọn yóò mú wọn?

A kò sọ pé òfin náà burú o. Gọ́tà ọjà wa ni abọ́ yẹn ń dí, ìsọ̀ wa ni omi ń yà wọ̀ bí òjò bá rọ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ọdún mẹ́rin àti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Òfin kan lè dára, kí ọ̀nà tí wọ́n gbà mú un wá sọ ẹni tó jẹ gbèsè di ẹni tí kò lè wọjà mọ́.

Kí ló dé tí a fi ń rán yín létí? Nítorí iná tiwa náà ni. Ẹ wo alákàrà tó tẹ̀ síwájú igi. Ẹ wo ẹlẹ́ja yíyan tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ láti àárọ̀. Ẹ wo alámàlà tó ń fi igi se omi gbígbóná ìkòkò ńlá, tí ọmọ sùn sí i lẹ́yìn, tí ìyá tọmọ jọ ń mu èéfín. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò pé èéfín ìdáná inú ilé pa ènìyàn bíi mílíọ̀nù 3.2 lágbàáyé ní ọdún 2020 nìkan. Lọ́jọ́ kan, ìjọba kan máa jí, á sì sọ pé igi àti èédú ti parí lọ́jà. Ṣé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la tún fẹ́ gbà?

Àwọn kan á sọ pé, "Òyìnbó gan-an ti ń sá fún gáàsì, ẹ jẹ́ ká dúró ti igi wa." Irọ́ ni o. Àtẹ̀gùn ni a jọ ń gùn. Àwọn ti wà lókè, ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé gáàsì ni wọ́n ń wá. Àwa tí a wà lórí igi, gáàsì ni ìgbésẹ̀ tó kàn wá, torí èéfín rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti igi. A kò sì lè fò lọ sórí iná mànàmáná báyìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti N68 lọ sí N225 fún ìwọ̀n kan. Alámàlà wo ló máa fi ìyẹn se omi, pàápàá nígbà tí iná lè lọ kí omi tó hó?

Gáàsì náà ní wàhálà tirẹ̀, a mọ̀. Èédú ṣeé rà ní ọ̀rá kékeré láàárọ̀, kí a fi owó ọjà alẹ́ ra òmíràn. Gáàsì ń fẹ́ sílíńdà, rọ́bà àti ojú iná, owó ńlá lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe àìgbọ́n ló jẹ́ kí àwọn ìyá wa dúró ti èédú, owó àkọ́kọ́ yẹn ni.

Nítorí náà, ohun tí àwa ń sọ fún ìjọba àti kánsù ni pé bí òfin iná bá ń bọ̀, kó ní ọjọ́ tó jìnnà tó kí ọlọ́jà lè ta ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó mú títà tuntun, kó má gba ìkòkò lórí iná ẹnikẹ́ni. Kí ìrànlọ́wọ́ ṣáájú, kí òfin tẹ̀ lé e. Ẹ má sì gbàgbé àwọn eléèédú àti onígi o. Ọlọ́jà bíi tiwa ni wọ́n, ọmọ ni wọ́n fi ń tọ́. Kí wọ́n jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ràn lọ́wọ́ láti máa ta nǹkan mìíràn.

Fún àwa fúnra wa, ẹ má jẹ́ ká dúró de ìjọba. Kí àwọn olóúnjẹ mẹ́wàá mẹ́wàá kóra jọ lórí ìlà ìsọ̀ wọn, kí wọ́n dá àjọ gáàsì. Kí ẹni kan kó o lóṣooṣù, kó fi ra sílíńdà, títí yóò fi kárí. Bí ó bá sì délẹ̀, ẹ gbé sílíńdà sí ìdúró, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ fi ìfófòó ọṣẹ pa ojú ibi tí rọ́bà ti wọlé. Bí ó bá ń hó kùṣùkùṣù, ó ń jò nìyẹn. Ẹ má ṣe fi ìṣáná wò ó láéláé.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀, kí ìyálọ́jà àti àwọn olóyè gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ẹ sọ iye tí ẹ ń ná lórí igi àti èédú lọ́sẹ̀, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kó lè jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá pè wá, ìwé ni a máa gbé síwájú wọn, kì í ṣe ẹkún. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Iná kò ní jó ọjà wa, èéfín kò ní pa ojú wa. Ẹ kú ìtajà o.