Kí oníṣòwò tó gbé òbí rẹ̀ lọ sílé ìtọ́jú àgbà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Kò sí oníṣòwò tí kò mọ òwe yìí, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń fẹ́ fi ṣèwà hù. Ohun tí òwe náà kò sọ ni bí ọmọ òkété yóò ṣe máa wá oúnjẹ tí òun fúnra rẹ̀ yóò jẹ, lọ́jọ́ tí ìyá bá dẹni tí wọn kò lè dá fi sílé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ike àti abọ́ ní Dùgbẹ̀, n'Íbàdàn. Ìyá rẹ̀ ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Fún ọgbọ̀n ọdún, mama yìí kò lo ìwé gbèsè. Orí ló fi mọ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó, iye tó jẹ́ àti ọjọ́ tó dá. Ṣéńjì ni nǹkan ti kọ́kọ́ bà jẹ́. Mama yóò fún kọ́sítọ́mà kan ní ṣéńjì lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì tún búra pé ẹlòmíì tó ti sanwó kò san kọ́bọ̀. Àwọn ọmọ ní ogbó ni, wọ́n sì rọra gba àpò owó lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni mama dìde lóru, ó gbé igbá, ó ní òun ń lọ sọ́jà. Ìdájí ni wọ́n tó rí i ní Mọ́kọ́lá, láìwọ bàtà. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ọmọ rẹ̀ kì í ti ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta nítorí pé wọ́n pè é láti ilé.

Irú ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ lọ́jà ju bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ń ṣàṣìṣe ni pé wọ́n kà á sí ọ̀rọ̀ ilé tí kò kan ìwé ìṣirò ṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀, inú ṣọ́ọ̀bù gan-an ni owó rẹ̀ ti ń jáde. Oníṣòwò tó máa ń yẹ ọjà wò dáadáa kó tó rà á gbọ́dọ̀ fi ojú kan náà wo ìtọ́jú òbí rẹ̀, kó ṣètò rẹ̀ nígbà tí ara ṣì rọ̀ ọ́, kó má dúró dìgbà tí wàhálà bá ṣe ètò fún un.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó yẹ kí gbogbo ilé mọ ohun tí wọ́n ń bá jà. Arán kì í ṣe èpè, kò sì kan ọ̀rọ̀ àjẹ́. Àìsàn tó ń ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Alzheimer ló sì wọ́pọ̀ jù nínú wọn. Síbẹ̀, bí obìnrin àgbà bá ń rìn kiri lóru, tó ń sọ ohun tí kò yé èèyàn, àwọn kan á ní ẹyẹ ló jábọ́. Wọ́n ti na irú ìyá bẹ́ẹ̀ nígboro rí, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀nà ilé ló ṣì lọ́wọ́ rẹ̀.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé èèyàn bíi mílíọ̀nù 57 ló ní àìsàn yìí káàkiri ayé lọ́dún 2021, ó sì lé ní 60 nínú 100 wọn tó ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò fi bẹ́ẹ̀ lówó. Ilẹ̀ Yorùbá gan-an wà lára ibi tí àwọn onímọ̀ ti tọpa rẹ̀. Lọ́dún 1992 ni àwọn dókítà yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí àwọn àgbà tó ń gbé ní Ìdíkàn, n'Íbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé nílùú Indianapolis. Nígbà tí àbọ̀ iṣẹ́ náà jáde lọ́dún 2001, ó hàn pé nínú 1,000 àgbà tó ti pé ẹni ọdún 65, nǹkan bíi 13 ni àìsàn yìí ń mú lọ́dún kan n'Íbàdàn, nígbà tó jẹ́ nǹkan bíi 32 ní Indianapolis. Ti ibí kéré sí tọ̀hún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé tó bá kàn, ó kàn án náà ni.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń sá gbà. Àwọn kan á gbé ìyá lọ sí abúlé, níbi tí kò ti sí dókítà, tí ìyá kò sì mọ ọ̀nà mọ́. Àwọn mìíràn á wá ọmọ ọ̀dọ̀, ọmọ ọdún 14 tó yẹ kó wà nílé ìwé, wọ́n á ní kó máa ṣọ́ àgbà tó lágbára jù ú lọ. Àwọn tó kù á ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá láti ìta, wọ́n á gba ọjà lọ. Bí iná bá sẹ́ yọ nínú ilé lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó fẹ́ ronú ohun tó lè ṣẹlẹ̀.

Gbogbo àwọn wọ̀nyí ló máa ń sọ pé àwọn kò ná kọ́bọ̀. Ká ní ṣọ́ọ̀bù kan ń mú èrè N8,000 wá lójúmọ́, tí ọ̀gá sì ń tì í fún ọjọ́ mẹ́wàá lóṣù. N80,000 ti lọ nìyẹn, láìka kọ́sítọ́mà tó ti bá ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ lọ, àti ọjà tí ọmọ iṣẹ́ tà láìkọ sílẹ̀ nígbà tí ọ̀gá kò sí. Oníṣòwò tó bá fẹ́ ṣèpinnu gidi gbọ́dọ̀ kọ iye yìí sínú ìwé fún oṣù mẹ́ta, kó tó sọ pé owó ilé ìtọ́jú tàbí owó olùtọ́jú ti wọ́n jù.

Ìtìjú ni ìṣòro kejì. Bí wọ́n bá dárúkọ ilé àwọn arúgbó, ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde ni pé àṣà òyìnbó ni, àti pé kí ni ará àdúgbò yóò wí. Àmọ́ ọjọ́ ti pẹ́ tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ti wà láàárín wa. Ìjọ Kátólíìkì ní Regina Mundi ní Múṣín, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì ní tiẹ̀ ní Yábàá. Àwọn aládàáni náà ti ń ṣí wọn ní àwọn ìlú ńlá. Èyí tó ṣọ̀wọ́n ni ilé tí wọ́n dìídì kọ́ fún àwọn tó ń ṣarán, tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì mọ iṣẹ́ náà. Ìdí nìyí tí yíyàn fi gba sùúrù.

Ẹni tó bá sì rò pé gbígbé òbí síta túmọ̀ sí jíjá a jù sílẹ̀, kó rántí ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ṣe ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, láti ọdún 1954. Àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ó sì jẹ́ dandan kí mọ̀lẹ́bí kan wà pẹ̀lú ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn dókítà láti ilẹ̀ òkèèrè wá wo ètò náà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé èèyàn lè kúrò nílé kó má kúrò lọ́wọ́ ẹbí.

Kí ẹnikẹ́ni tó wá ilé, ilé ìwòsàn ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni arán. Ìbànújẹ́ ọkàn, àìtó èròjà fítámì B12, àìsàn ẹṣẹ́ ọrùn, kòkòrò inú ìtọ̀, àti oògùn tí kò bá ara mu lè da àgbà lọ́kàn rú, púpọ̀ nínú wọn ló sì gbóògùn. Láti ọdún 2012 ni UCH n'Íbàdàn ti ní ẹ̀ka tó wà fún àwọn àgbà nìkan, Chief Tony Anenih Geriatric Centre. Yóò jẹ́ ohun ìbànújẹ́ bí ọmọ bá ń san owó ilé ìtọ́jú fún ọdún gbáko lórí ohun tí oògùn ọ̀sẹ̀ méjì ì bá wò.

Bí dókítà bá wá sọ pé arán ni, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ilé tí àgbàlagbà méjì bá wà, tí wọ́n lè san owó olùtọ́jú tó kọ́ṣẹ́ fún ọ̀sán, ìyá lè wà nílé títí. Ibi tó ti mọ́ ọn lára dára fún un. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá ti ń jáde lóru, tó ń tan iná láìmọ̀, tàbí tó ń na ẹni tó ń wẹ̀ fún un, tí ọmọ tó ń tọ́jú rẹ̀ kò sì rí oorun sùn mọ́, ilé ìtọ́jú tó dáa ló sàn fún àwọn méjèèjì. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ọgbọ́n ọjà ló wá kù. Kò sí oníṣòwò tó ń fi fọ́tò ra ẹrù kọ̀ǹtéínà kan. Kó má ṣe fi bébà aláràbarà àti pálọ̀ tó tutù yan ilé fún ìyá rẹ̀. Kó lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ̀kẹta jẹ́ ìrọ̀lẹ́ tí wọn kò retí rẹ̀. Kó béèrè iye òṣìṣẹ́ tó ń wà lóru àti iye àgbà tí wọ́n ń ṣọ́, nítorí òru ni àwọn tó ń ṣarán máa ń dìde. Kó wo géètì àti ọgbà, bóyá àgbà lè rìn káàkiri nínú rẹ̀ láì sọnù. Kó fi imú gbóòórùn yàrá. Àgbà tó tọ̀ sára láàárọ̀ tí wọn kò pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ títí di ọ̀sán, òórùn yóò sọ. Kó béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá ń bínú. Ilé tó bá ní àwọn ń dè é mọ́ àga, tàbí àwọn ń fún un ní oògùn oorun láìsọ fún dókítà, kó yáa padà sílé.

Kó tún wo èdè. Àgbà tó ń ṣarán lè pàdánù òyìnbó tó gbọ́, kó ku Yorùbá nìkan, tàbí ẹ̀ka èdè ìlú tí wọ́n ti bí i. Bí òṣìṣẹ́ kò bá gbọ́ ọ, ebi lè máa pa á kí wọ́n ní ó ń sọ ìsọkúsọ. Ìwé àṣẹ ìjọba ìpínlẹ̀, ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn, omi, jẹnẹrétọ̀ àti ìwé tí wọ́n ń kọ oògùn sí, gbogbo rẹ̀ ló yẹ kó rí.

Lórí owó, àdéhùn ẹnu kò tó. Kí wọ́n kọ iye oṣooṣù sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ ohun tó wà nínú rẹ̀: ṣé oúnjẹ, ṣé oògùn, ṣé nápíìnì àgbà, ṣé owó nọ́ọ̀sì? Ìgbà wo ni wọ́n lè fi owó kún un? Bí ìyá bá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé ìwòsàn, ṣé wọ́n á gba owó oṣù náà pé? Bó bá kú tàbí tó kúrò, èló ni wọ́n á dá padà nínú owó tí wọ́n ti san sílẹ̀? Ilé tí kò bá fẹ́ fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè náà.

Owó yìí kò gbọ́dọ̀ ti inú owó òwò jáde bí ẹni ń yọ ata lábọ́. Kí oníṣòwò pe àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jọ, títí kan àwọn tó wà lókè òkun, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ iye tó lè san, kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n sì ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún un. Ẹni tó bá ń ṣọ́ ìyá lójoojúmọ́ ti ń san tiẹ̀. Kí àwọn tó kù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó jẹ́ ti ìyá náà gba ìṣọ́ra. Ìwé ilé, àkáǹtì báńkì àti ṣọ́ọ̀bù tó wà lórúkọ rẹ̀, nígbà tí ọkàn rẹ̀ ṣì já geere ni kí wọ́n pe lọ́yà sí i, kó sọ ohun tó fẹ́ lójú gbogbo ọmọ. Ẹni tó bá fà á lọ́wọ́ tẹ̀ka lẹ́yìn tí kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́, ẹjọ́ ló rà fún ìdílé.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé ìyá dé ibẹ̀, iṣẹ́ ọmọ kò parí. Oníṣòwò tó mọ ọjọ́ ọjà rẹ̀ lórí yẹ kó ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ tí kì í yẹ̀ lórí ìyá rẹ̀. Kó gbé ohun tí ọwọ́ ìyá mọ̀ dání: ẹ̀wà tó máa ṣà, aṣọ tó máa ká. Ìyá tó ti gbàgbé ọjọ́ òní lè di ìró tuntun mú kó sì dá iye lé e bíi ti àtijọ́. Òṣìṣẹ́ tó bá sì mọ̀ pé ọmọ ń bọ̀ kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìyá.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún oníṣòwò fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá tó kọ́ ilé, tó rán ọmọ níwèé láti inú ọjà, kò ní owó ìfẹ̀yìntì kankan. Lọ́dún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ìfẹ̀yìntì jáde fún àwọn tó ń dá iṣẹ́ ara wọn ṣe, kí alágbẹ̀dẹ, aránṣọ àti oníṣọ́ọ̀bù náà lè máa fi owó pamọ́. Ẹni tó ń wá ilé fún ìyá rẹ̀ lónìí ti rí iye tí ogbó ń gbà. Ohun tó bá fi pamọ́ báyìí ni kò ní jẹ́ kí àwọn ọmọ tiẹ̀ náà máa ti ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ nítorí rẹ̀.