Kí Géètì Ilé Má Baà Di Ewu

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo lọ kí ìyá mi àgbà ní agbo ilé wa ní Bẹẹrẹ, ní Ìbàdàn. Orí pèpéle ni àwa méjèèjì jókòó sí nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan fun fèrè ọkọ̀ níta. Ọmọ rẹ̀, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, sáré dìde láti ṣí géètì fún bàbá rẹ̀. Irú èyí tí a máa ń tì gba ẹ̀gbẹ́ ògiri ni géètì tiwa. Ọmọ náà fi èjìká tì í bó ti máa ń ṣe. Géètì gbéra, ó yára, ó kọjá ibi tó yẹ kó dúró sí, ó sì wó lulẹ̀ gbì! Igbe tí ìyá àgbà ké ló mú kí ọmọ náà fò sẹ́yìn. Kẹ́ẹ̀gì omi tó wà nítòsí tẹ́ pẹrẹsẹ bí ewé.

Nígbà tí wẹ́dà dé ní ìrọ̀lẹ́, kò pẹ́ tó fi rí ohun tó fà á. Irin kékeré kan, tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ló yẹ kó wà ní ìparí ojú irin láti dá géètì dúró. Ẹni tó tún ojú irin náà ṣe kẹ́yìn ti gé e kúrò kó baà lè ráyè ṣiṣẹ́, kò sì dá a padà. Fún oṣù bíi mélòó kan, gbogbo wa ń ti géètì yìí láàárọ̀ lálẹ́, kò sì sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tí kò ju ìka ọwọ́ lọ ló kù díẹ̀ kó sọ ilé wa di ilé ọ̀fọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ géètì ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí: bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, bí a ṣe ń tún un ṣe, àti bí a ṣe ń yan èyí tó bá ilé wa mu.

Ẹnu ọ̀nà àtijọ́ àti tòde òní

Àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà ṣeré. Ìlú ní odi, odi sì ní bodè pẹ̀lú oníbodè tó ń ṣọ́ ọ. Ààfin pẹ̀lú ní ilẹ̀kùn tó ń sọ irú ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, ọ̀gá àwọn agbẹ́gilére, gbẹ́ irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, inú British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ló sì wà títí di òní.

Ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ní yàrá tirẹ̀ lára ilé. Ní ọdún 1921 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ C. G. Johnson ṣe ilẹ̀kùn yàrá ọkọ̀ tó ń gbéra lọ sókè. Nígbà tó di ọdún 1926, ó ti ṣe ẹ̀rọ oníná tí yóò máa ṣí i. Ṣùgbọ́n ìdàkejì ni ọ̀rọ̀ àwa tí ilé wa wà láàárín Ọjà'ba, Mápó àti Bẹẹrẹ. Àwọn agbo ilé wa ti wà níbẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Ọ̀nà ẹsẹ̀ àti ọ̀nà ẹṣin ni ọ̀pọ̀ àdúgbò wa. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ sùn nínú ilé yóò wó ògiri iwájú, yóò gba díẹ̀ nínú àgbàlá, yóò sì fi géètì dí àlàfo náà. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé géètì agbo ilé ni ilẹ̀kùn yàrá ọkọ̀ tiwa. Ilẹ̀kùn ìsọ̀ tó ń ká sókè, èyí tó kún ojú títì, sì ni ìbátan rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí géètì tí a ń fi ọwọ́ tì. Ohun mẹ́rin ni kí ẹ máa wò lóṣooṣù.

Èkíní ni irin ìdádúró tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ó gbọ́dọ̀ wà ní ìparí méjèèjì, kí wọ́n sì jó o mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ṣiṣẹ́ lórí géètì yín, ẹ má san owó iṣẹ́ tán kí ẹ tó wo irin yìí fúnra yín.

Èkejì ni irin tó di orí géètì mú lára ògiri. Táyà irin tó wà nísàlẹ̀ ló ń gbé géètì rìn, ṣùgbọ́n irin òkè yìí ni kì í jẹ́ kó ṣubú. Bí géètì bá ń mì lẹngẹlẹngẹ nígbà tí ẹ bá ń tì í, irin òkè ti ṣí nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn títí wẹ́dà yóò fi dé.

Ẹ̀kẹta ni táyà irin àti bíárìn inú rẹ̀. Bó bá ń han-un, tàbí tó ń wọ́ dípò kó yí, bíárìn ti gbẹ tàbí ó ti jẹ. Gríìsì ni kí ẹ fi sí i. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ni pé a máa ń da epo ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú sórí ojú irin. Epo yóò mú iyanrìn, iyanrìn yóò sì di bí ọlọ tí yóò máa lọ táyà náà. Ìgbálẹ̀ ni ojú irin ń fẹ́. Inú bíárìn ni gríìsì wà fún.

Ẹ̀kẹrin ni ìpẹtà. Ìsàlẹ̀ géètì ló ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí omi òjò ti ń ta sí i. Ẹ ha ìpẹtà náà dànù kí ó mọ́, ẹ kun ọ̀dà pupa tó ń dènà ìpẹtà, kí ẹ tó kun ọ̀dà tó wù yín. Ọ̀dà tí a bá kùn sórí ìpẹtà bí ìgbà tí a da aṣọ bo egbò ni.

Bó bá jẹ́ géètì ìlẹ̀kùn méjì ni tiyín, tí ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wọ́lẹ̀, ẹ má tètè bá híńjì jà. Ẹ kọ́kọ́ wo òpó tó gbé e dúró. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni òpó ti fì síwájú nítorí pé ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò jinlẹ̀ tó. Ẹni tó bá yí híńjì padà sórí òpó tó fì yóò tún ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀.

Ní ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ tó ń ká sókè, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Sípíríǹgì tó wà lókè rẹ̀ ló ń bá yín gbé ìwọ̀n ilẹ̀kùn náà. Bí ó bá ṣàdédé wúwo, sípíríǹgì náà ti já tàbí ó ti dẹ̀. Ẹ má gun àga lọ tú u, ẹ má sì rán ọmọ iṣẹ́. Sípíríǹgì tí wọ́n ti lọ́ ní agbára nínú. Bó bá tú mọ́ni lọ́wọ́, ó lè dá egungun. Iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni.

Géètì tó ń ṣí fúnra rẹ̀

Ẹ̀rọ tó ń ṣí géètì kò ṣòro láti lóye. Ẹ̀rọ náà ń yí àgbá kékeré eléyín, àgbá yìí sì ń fa irin gígùn eléyín tí wọ́n jó mọ́ ara géètì. Mágínẹ́ẹ̀tì tàbí irin kékeré ní ìparí méjèèjì ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé ó tó. Ojú ìṣọ́ méjì sì wà tí wọ́n dojú kọ ara wọn lẹ́nu ọ̀nà. Bí nǹkan bá dí àárín wọn, géètì kò gbọdọ̀ padé.

Bí ẹ̀rọ yìí bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ẹ ṣe báyìí kí ẹ tó pe oníṣẹ́. Gbogbo ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń tú u kúrò lára géètì. Ẹ tú u, kí ẹ sì fi ọwọ́ ti géètì náà. Bó bá le láti tì, géètì ló ń ṣàìsàn, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ padà sí ohun mẹ́rin tí mo kà sílẹ̀. Bó bá rọrùn, ẹ wá yẹ ẹ̀rọ wò: ṣé iná wà? Ṣé bátìrì rìmóòtù kò tíì kú? Ṣé eruku tàbí òwú aláǹtakùn kò bo ojú ìṣọ́? Ẹ̀yin tí géètì yín ń ṣí ṣùgbọ́n tí kì í padé, ojú ìṣọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ nù.

Àìsàn kan tún wà tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ọmọńlé àti èèrà fẹ́ràn inú àpótí ẹ̀rọ nítorí pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ọmọńlé bá na ara rẹ̀ sórí wáyà méjì, òun yóò kú, ẹ̀rọ yóò sì jó. Ẹ dí gbogbo ihò tí wáyà gbà wọlé pinpin.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ dán ààbò rẹ̀ wò lóṣooṣù. Ẹ gbé páálí òfìfo sójú ọ̀nà, kí ẹ sì pàṣẹ kí géètì padé. Bí kò bá dúró tàbí kó padà sẹ́yìn, ẹ pa ẹ̀rọ náà títí oníṣẹ́ yóò fi dé. Ilẹ̀kùn yàrá ọkọ̀ ti há àwọn ọmọdé pa ní Amẹ́ríkà kí òfin wọn tó pa á láṣẹ pé gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n bá ṣe fún ilẹ̀kùn yàrá ọkọ̀ ilé gbígbé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993 gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò dènà ìhámọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ra ẹ̀rọ tí kò ní ojú ìṣọ́, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Èwo ni ká yàn?

Lẹ́yìn tí géètì wa wó, àwọn ẹbí wa tó wà lókè òkun ní àwọn yóò fowó ránṣẹ́ kí á lè ra oníná. A pe ìpàdé ẹbí. Inú àwa ọ̀dọ́ dùn. A ti ń wo ara wa bí ẹni tó ń tẹ rìmóòtù láti inú ọkọ̀. Ìyá àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n wá béèrè ìbéèrè méjì péré. Wọ́n ní, "Bí iná bá lọ ńkọ́? Ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Gbogbo wa dákẹ́. Ju ìdílé mẹ́fà lọ ló ń gbé nínú agbo ilé náà. Rìmóòtù mélòó ni a óò rà? Bí ọ̀kan bá sọnù, oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ wá pa á rẹ́ nínú ẹ̀rọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó bá rí i he ti di onílé. Bí aboyún bá sì ń rọbí lóru, tí a fẹ́ gbé e lọ sí Adéọ̀yọ́, tí kò síná, tí ẹni tó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ìtúsílẹ̀ wà sì ti rìnrìn àjò, kí ni a óò ṣe? Ẹnu ọ̀nà tí ará ilé kò lè ṣí fúnra wọn kì í ṣe ààbò mọ́.

A pinnu láti tún géètì náà rọ láìfi ẹ̀rọ sí i: táyà tuntun, irin òkè tó nípọn, irin ìdádúró méjì ní ìparí kọ̀ọ̀kan, àti ilẹ̀kùn kékeré lára rẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀, kí ọmọdé má baà tún máa ti irin ńlá nítorí pé ó fẹ́ lọ ra búrẹ́dì.

Èyí kò sọ pé oníná kò dára. Bó bá jẹ́ ìdílé kan ṣoṣo ló ń gbé ilé yín, tàbí tí ẹ máa ń wọlé lóru ní ibi tí kò yẹ kí èèyàn sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó lérè. Ṣùgbọ́n ẹ ro ìwọ̀nyí. Ẹ mọ bí géètì yín ṣe wúwo tó, kí ẹ sì ra ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ jù ú lọ. Ẹ yan èyí tó ń lo bátìrì nígbà tí iná bá lọ. Ẹ béèrè rìmóòtù tí àmì ìdánimọ̀ rẹ̀ ń yí padà nígbà gbogbo tí a bá tẹ̀ ẹ́, nítorí pé ó rọrùn fún olè láti ṣe ẹ̀dà èyí tí kì í yí padà.

Ẹ wo ilẹ̀ yín pẹ̀lú. Géètì tí a ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ń fẹ́ ògiri tó gùn tó ẹnu ọ̀nà náà fúnra rẹ̀. Èyí tó ń ṣí sínú ń gba ààyè ọkọ̀. Èyí tó ń ṣí síta yóò gbá ẹni tó ń kọjá lọ lójú ọ̀nà tóóró. Lórí òkè bíi ti Mápó, ilẹ̀ tó ga lẹ́yìn géètì kì í jẹ́ kí ìlẹ̀kùn méjì ṣí sínú. Bí ojú irin bá sì dagẹ̀rẹ̀, géètì lè máa sáré lọ fúnra rẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo ilẹ̀ kí ẹ tó ra géètì.

Mo padà dé Bẹẹrẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ ọdún mẹ́fà yẹn ló wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Kí ó tó jẹ́ kí n wọlé, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan irin ìdádúró, ó ní, "Àǹtí, ó ṣì wà ńbẹ̀." Ìyá àgbà ló fi iṣẹ́ náà rán an: ní gbogbo òwúrọ̀, kó tó jẹun, kó lọ wò ó. Ẹ̀yin náà, ẹ yan ẹnì kan nínú ilé yín tí yóò máa bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ilé wa kò ní dàrú o.