Kí Kátápílà Tó Dé: Lẹ́tà Gbangba sí Àwọn Páríìṣì Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Ẹ̀yin Fádà wa, ẹ̀yin alága àti ọmọ ìgbìmọ̀ ìkọ́lé,

Àṣà kan ti gbilẹ̀ láàárín wa tí mi ò lè dákẹ́ sí mọ́. Bí ìjọ bá ti ń pọ̀ sí i, wíwó ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. A kì í ya fọ́tò rẹ̀, a kì í wọ̀n ọ́n, a kì í bi àwọn àgbà ìjọ ta ló mọ búlọ́ọ̀kù rẹ̀.

Ẹ lè ní ilé búlọ́ọ̀kù lásán ni, kò tíì pẹ́. Ẹ tún un wò. Búlọ́ọ̀kù oníhò ni wọ́n fi mọ ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ̀, òrùlé ga, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ké. Bí iná bá lọ láàárín Míṣà, atẹ́gùn ṣì ń fẹ́ sí wa lára. Nínú ilé tuntun, gíláàsì tí kò ṣeé ṣí la fi dí gbogbo ojú fèrèsé. Ẹ̀rọ amúlétutù kú, dísẹ́lì tán nínú jẹnẹrétọ̀, ìwé ìkéde la wá ń fi fẹ́ ara wa nígbà ìwàásù. Lóòótọ́, ariwo márosẹ̀ Apápá sí Òṣòdì kò kéré, ti bàálù náà ń bẹ. Àmọ́ ayàwòrán ilé tó mọṣẹ́ lè wá nǹkan ṣe sí ariwo láìsé atẹ́gùn mọ́ta.

Kò yẹ kí irú ìwólé láìkọ nǹkan sílẹ̀ yìí wá látọwọ́ ọmọ Àgùdà. Àwọn bíríkìlà Àgùdà, Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre, wà lára àwọn tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Àgbélébùú Mímọ́ àkọ́kọ́ ní Erékùṣù Èkó. Ilé náà ti lọ, òmíràn ti rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n a mọ orúkọ wọn nítorí pé ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ni yóò mọ orúkọ àwọn bíríkìlà Ìsọlọ̀? Ìjọ wa ti mọyì oníṣẹ́ ọnà rí: ní 1947, Fádà Kevin Carroll bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú àwọn agbẹ́gilére ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ibẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ, Mùsùlùmí, ti gbẹ́ ère àti ilẹ̀kùn fún ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àwọn Dòmíníkánì ní Ìbàdàn ló gbé ilé àdúrà wọn lé ayàwòrán ilé Demas Nwoko lọ́wọ́, ẹni tí àfihàn iṣẹ́ ìkọ́lé ti Venice fi Kìnnìún Wúrà dá lọ́lá ní 2023. Lónìí, ilẹ̀kùn irin láti Ṣáínà ló tẹ́ wa lọ́rùn.

Kánọ́ọ̀nù 1216 nínú ìwé òfin ìjọ ti 1983 ní kí a gba ìmọ̀ràn àwọn tó mọṣẹ́ bí a bá ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí tí a ń tún un ṣe. Ẹni tó lówó jù nínú ìjọ kọ́ ni òfin ń sọ.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó ké sí kátápílà, ẹ wá ọmọ ìjọ tó ń kọ́ṣẹ́ àwòrán ilé ní Yunifásítì Èkó tàbí Yaba Tech, kó wọn ilé náà, kó yà á sílẹ̀ fínnífínní. Ẹ gba ohùn àwọn àgbà tó mọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ wó o lẹ́yìn náà, ẹ dúró níwájú ìjọ, kí ẹ sọ ìdí tí kò fi ṣeé tún ṣe.